Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu: Ọnà Púpọ̀, Agbo Kan

Bí ènìyàn bá wọ takisí ní Àjàṣẹ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tó sì kọjú sí àríwá, yóò gba Sakété kọjá, yóò gba Pobè kọjá, yóò sì dé Kétu kí oòrùn tó kan àtàrí. Nǹkan bí 100 kìlómítà ni ọ̀nà náà. Kò jìn lójú ẹni tó ń lọ ná ọjà. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń wá ìmọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà, ilé-ẹ̀kọ́ gígùn ni, nítorí pé gbogbo ohun tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní ń kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ multimédia ló wà lójú ọ̀nà yìí: igi gbígbẹ́, ọ̀dà kíkùn, fọ́tò, orin, ìlù, ijó, aṣọ rírán àti ọ̀rọ̀ ẹnu.

Iṣẹ́ ọnà orí ẹ̀rọ ni iṣẹ́ tiwa. À ń ya fọ́tò, à ń gba ohùn sílẹ̀, à ń ṣe fídíò, à ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán tó ń rìn, a sì ń so gbogbo wọn pọ̀ di iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìbéèrè tí àwọn òbí àti àwọn ẹ̀gbọ́n wa máa ń bi wá kò yàtọ̀ láti ilé kan sí èkejì: "Iṣẹ́ wo gan-an ni ẹ̀ ń ṣe nínú gbogbo èyí?" A kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè náà. Ní ilẹ̀ wa, inú ìdílé ni a ti ń jogún iṣẹ́, orúkọ ẹni a sì máa kéde rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, ilé onílù ló ti wá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọnà, ilé oníṣọ̀nà ló ti wá. Bí ẹnìkan bá wá ní òun ń ṣe iṣẹ́ márùn-ún pọ̀, kò burú bí àgbà bá fura pé bóyá ni ó mọ ẹyọ kan nínú wọn.

Ìbéèrè yìí ni a gbé dání nígbà tí a mú ọ̀nà Kétu pọ̀n. A kò lọ wá àwáwí. A lọ wo bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe so ọnà púpọ̀ pọ̀ tí iṣẹ́ wọn kò sì tú.

Àjàṣẹ́, ìlú olórúkọ mẹ́ta

Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ. Àwa Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Gun ń pè é ní Hògbónù, àwọn Potogí ló sì fún un ní Porto-Novo. Mọ́sálásí ńlá tó wà nítòsí ọjà, bí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni ojú rẹ̀ rí, nítorí pé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wá àti àwọn ọmọ wọn, ló mú irú ìkọ́lé bẹ́ẹ̀ dé etí òkun wa. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò rí i pé àdúrà Mùsùlùmí kò kọ ọgbọ́n bíríkìlà tó ti ilẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì wá. Wọ́n so wọ́n pọ̀, ilé náà sì dúró.

Ní ìlú yìí ni wọ́n ti bí Romuald Hazoumè ní ọdún 1962. Ọmọ Yorùbá ni. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni bídọ̀, kẹ́ẹ̀gì oníke tí àwọn tó ń ta epo kpayo fi ń gbé bẹntiróòlù wọlé láti Nàìjíríà. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n: kẹ̀kẹ́ alùpùpù kan á di bídọ̀ rẹpẹtẹ mọ́ra títí a kò fi ní rí ẹni tó ń gùn ún. Nígbà tí bídọ̀ bá gbó, wọ́n á jù ú nù. Hazoumè ṣà á nílẹ̀. Ó rí i pé ihò rẹ̀ jọ ẹnu, pé ibi tí a ti ń dì í mú jọ imú, ó sì sọ ọ́ di ojú ènìyàn.

Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ La Bouche du Roi, 304 irú ojú bẹ́ẹ̀ ló tò sílẹ̀ bí àwòrán àtijọ́ kan tó fi bí wọ́n ṣe ń to ẹrú sínú ọkọ̀ ojú omi Brookes hàn. Etíkun ilẹ̀ wa kan tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ ni orúkọ iṣẹ́ náà ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kò ní fi ojú nìkan wò ó. Etí rẹ̀ yóò gbọ́ ohùn tó ń pe orúkọ àwọn ènìyàn, èdè Yorùbá sì wà lára àwọn èdè tí a ń gbọ́. Imú rẹ̀ yóò gbọ́ òórùn tábà àti èròjà ọbẹ̀. Fíìmù kan yóò sì máa fi àwọn tó ń gbé epo lórí alùpùpù lónìí hàn án. Ní ọdún 2007, British Museum ní London ra iṣẹ́ náà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fún Hazoumè ní ẹ̀bùn Arnold Bode níbi àfihàn Documenta 12 ní ìlú Kassel, ní Jámánì.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ iṣẹ́ yìí wò bí ẹni ń tú aago. Àwọn bídọ̀ tó tò lọ rẹrẹ ń sọ pé wọ́n pọ̀. Ohùn tó ń pe orúkọ ń sọ pé, bí wọ́n ti pọ̀ tó, olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀. Òórùn ń sọ pé ara ènìyàn ni, pé ọjà sì ni wọ́n sọ ara náà dà. Fíìmù ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí, pé àwọn kan ṣì ń fi ẹ̀mí ara wọn ru ẹrù ẹlòmíràn lónìí. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, àwọn yòókù kò lè sọ ohun tó ń sọ. Ìwọ̀n tí ó yẹ kí a máa fi wọn iṣẹ́ ọlọ́nà púpọ̀ nìyẹn. Bí àwòrán bá ti sọ ọ̀rọ̀ tán, kí ni a tún fẹ́ fi orin ṣe?

Àjàṣẹ́ tún fi nǹkan mìíràn hàn wá. Léonce Raphaël Agbodjelou, ayàwòrán tí fọ́tò Egúngún rẹ̀ ti rìn jìnnà káàkiri ayé, ọmọ ayàwòrán ni: Joseph Moïse Agbodjelou, bàbá rẹ̀, ti fi fọ́tò yíyà ṣe iṣẹ́ ní ìlú yìí ṣáájú rẹ̀. Kámẹ́rà tí àwọn kan ṣì ń pè ní ohun àjèjì ti di iṣẹ́ ìdílé, bí ìlù ti jẹ́ iṣẹ́ ọmọ Àyàn. Ẹni tó bá ń sọ pé ẹ̀rọ kò lè ní àṣà, kí ó wá sí Àjàṣẹ́ wá wò.

Àwọn ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú musée Alexandre Sènou Adandé ní ìlú náà. Wọ́n dára, ọ̀dà wọn hàn ketekete. Ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ wọn ló ní kí a máa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

Lójú ọ̀nà

Láti Sakété lọ, ilẹ̀ a máa pọ́n bí osùn, ọ̀pẹ a sì máa pọ̀ sí i títí dé Pobè, níbi tí ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ wà. A dúró lẹ́ẹ̀mẹta láti gba ohùn sílẹ̀: ohùn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo, ohùn zémidjan tó ń pe èrò, ohùn àwọn obìnrin tó ń ná gàrí ní èdè Yorùbá, tí wọ́n ń fi Faransé ka owó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ kọ́ etí rẹ̀. Ojú yára jù. Ó máa ń rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀ tán. Bí a bá pa ojú dé fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ọjà, a ó mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, a ó mọ ẹni tó ń bínú àti ẹni tó ń ṣàwàdà, kí a tó gbé kámẹ́rà sókè rárá.

Kétu

Kétu kì í ṣe ìlú tí ènìyàn ń wọ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ẹnu-bodè Akaba Ìdènà àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká ń rán àlejò létí pé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó mọ ohun tí ogun jẹ́. Ní ọdún 1886, ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Nígbà tí agbára Dànhọ̀mẹ̀ ṣẹ́, àwọn tó kù padà wá tún ilé kọ́, wọ́n sì tún fi Alákétu jẹ. Ohun tó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé ìlú tí wọ́n kó lẹ́rù yìí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wà láàyè títí di òní. Wọ́n lè jó igi, wọ́n lè jó ilé. Orin àti ijó wà nínú ara ènìyàn, ibi tí ènìyàn bá lọ ni wọ́n ń bá a lọ.

Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Àwọn bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀, ayé sì ti gbà pẹ̀lú wọn: ní ọdún 2001 UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó wà lára àwọn ohun ìní iyebíye ọmọ ènìyàn tí a kò lè fi ọwọ́ kàn, ní ọdún 2008 ó sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ìyá Ńlá àti àwọn ìyá wa ni a ń fi í bọ̀wọ̀ fún, pé kí inú wọn yọ́, kí ìlú tòrò. Lẹ́yìn ìkórè ni ó sábà máa ń wáyé, tàbí nígbà tí ọ̀dá tàbí àrùn bá dojú kọ ìlú. Òru ni ti Èfẹ̀, tó ń kọrin, tó ń ṣúre, tó sì ń bá ìlú wí. Ọ̀sán ni ti ijó, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń wọṣọ bí obìnrin, tí wọ́n ń jáde ní méjì méjì, tí irin ẹsẹ̀ wọn ń dá ìlù lóhùn.

Ẹ ka àwọn iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Agbẹ́gilére gbẹ́ ère. Ẹlòmíràn lè kùn ún lọ́dà. Aránṣọ rán aṣọ, ó sì to gèlè pọ̀. Alágbẹ̀dẹ rọ irin ẹsẹ̀. Onílù lu ìlù, akéwì kọ orin, oníjó jó. Ní àwọn ibòmíràn, ère náà tún ní ẹ̀yà tó ń mira: wọ́n á fa okùn, ejò orí igi á bu ẹyẹ jẹ. Bí a bá ń wá bàbá ńlá iṣẹ́ multimédia ní ilẹ̀ wa, ẹ má wá a jìnnà.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Nínú agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe ọnà púpọ̀. Nídìí kọ̀ǹpútà, ẹnìkan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Kí ni ó ń sọnù láàárín méjèèjì? Ènìyàn mẹ́ta ló fún wa ní èsì.

Èkíní ni agbẹ́gilére kan, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó gbà wá láàyè láti yí ère rẹ̀ kan ká pẹ̀lú kámẹ́rà, a sì ya fọ́tò tó tó 200, láti òkè, láti ìsàlẹ̀ àti láti inú ihò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà so àwọn fọ́tò náà pọ̀, ère náà sì dúró lójú ẹ̀rọ bí ohun tí a lè fi ìka yí. Bàbá yí i lọ, ó yí i bọ̀. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá wò ó. Lẹ́yìn náà ló bi wá pé, "Báwo ni ó ti wúwo tó?"

A ní, "Bàbá, kò ní ìwúwo."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwúwo ni iṣẹ́ mi. Ojú ère, ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ lè gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n orí ni wọ́n ń gbé e lé, aṣọ ni oníjó ń wò láti inú rẹ̀. Bí apá ọ̀tún bá fi díẹ̀ wúwo ju tòsì lọ, ọrùn rẹ̀ á yẹ̀ níbi tí ìlù ti yí. Kí n tó gbẹ́ igi, mo ti máa ń mọ ẹni tí yóò jó o."

Èkejì ni onílù. Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn wa sí etí, ó gbọ́ ohun tí a gbà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsọ nǹkan kan. Nígbà tí ó yọ ọ́, ohun tó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Bí ẹ bá fẹ́ gé e, ibi tí ẹsẹ̀ oníjó bá ti balẹ̀ ni kí ẹ ti gé e." Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìlù a máa sọ gbólóhùn, ẹsẹ̀ oníjó a sì máa tẹ̀lé e ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ jọ parí. Onílù tí kò mọ ijó kò lè lù ú, oníjó tí kò gbọ́ Yorùbá ìlù kò lè jó o. Láti ọjọ́ náà ni gígé fíìmù ti yí padà lọ́wọ́ wa. A kì í gé e mọ́ nígbà tí àwòrán bá rẹwà nìkan. À ń dúró de ẹsẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí àwọn méjèèjì sọ. Agbẹ́gilére kì í jó, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ọrùn oníjó nílò. Onílù kì í gé fíìmù, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí gbólóhùn ti ń parí. Olúkúlùkù di iṣẹ́ tirẹ̀ mú ṣinṣin, ó sì mọ ohun tí iṣẹ́ ẹnìkejì ń fẹ́ láti ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó so Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pọ̀ nìyẹn, òun náà ló sì yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹni tó ń dá ọnà púpọ̀ ṣe: nígbà tó bá ń ya àwòrán, kí ó ti máa ro ti ohùn, nígbà tó bá ń gba ohùn, kí ó ti máa ro ti ẹni tí yóò jókòó gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ òru

Ẹnìkẹta ni ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àdúgbò náà. A lọ kí i pẹ̀lú obì àti ọtí, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a sọ ohun tí a ń wá: pé a fẹ́ gba orin Èfẹ̀ sílẹ̀ ní òru, kí a fi kún iṣẹ́ tí à ń ṣe, kí ayé lè gbọ́ ọ.

Ìyá bi wá pé, "Ayé wo?"

A ní, "Ìyá, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ẹni tó wà ní Kútọnu, ní Faransé, ní Brazil, gbogbo wọn á lè gbọ́ ọ."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ọmọkùnrin kan bá jí ewúrẹ́ ládùúgbò yìí, Èfẹ̀ lè fi kọrin. Gbogbo ìlú á gbọ́, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín, ojú á tì í. Ilẹ̀ á mọ́. Ní òwúrọ̀, ìyàwó rẹ̀ á se oúnjẹ, aládùúgbò á kí i, ó ti jẹ ìyà rẹ̀ tán. Orin tiwa máa ń parí. Tiyín ńkọ́, ìgbà wo ni yóò parí? Ọmọ tí ó bá bí ní ogún ọdún sí i, ṣé yóò tún máa gbọ́ ọ?"

Kò sí ẹni tó rí èsì fún un láàárín wa. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà mọ bí a ṣe ń fọ́ ẹyin tí a sì ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ìgbàlódé kò mọ̀ bí a ṣe ń gbálẹ̀. Ohun gbogbo ló ń tọ́jú, títí kan èyí tí ó yẹ kí a gbàgbé. Ìbáwí tí kò lópin kì í ṣe ìbáwí mọ́, ó ti di ẹ̀gàn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àríyànjiyàn wa le. Ẹnìkan nínú wa sọ ohun tí kò ṣeé dá nù: àwọn tó mọ orin náà ń dàgbà, àwọn ọmọ wọn ti lọ sí Kútọnu àti Èkó, bí a kò bá gbà á sílẹ̀, ó lè bá wọn wọ ilẹ̀. Ẹlòmíràn ní ohun tí wọ́n kò fi fún ni, bí a bá mú un, olè là ń jẹ́, bó ti wù kí èrò wa dára tó. Òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a padà lọ bá ìyá àti àwọn bàbá ẹgbẹ́, a gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú wọn bí ó ti rí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àdéhùn mẹ́ta jáde.

Ìkíní, a lè gba ijó ọ̀sán sílẹ̀, a sì lè fi hàn fún gbogbo ayé. Ìkejì, a ó gba orin òru sílẹ̀ ní ohùn nìkan, láìtan iná. Ṣùgbọ́n inú ilé wọn ni dísìkì náà yóò máa gbé, ẹ̀dà kankan kò ní sí lọ́wọ́ wa. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kọ́ orin yóò lọ gbọ́ ọ níbẹ̀. Ìkẹta ni ìyá fúnra rẹ̀ dá lábàá. Ó ní, "Ẹ̀rín ìlú kì í ṣe àṣírí. Ẹ gba ìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é. Nínú iṣẹ́ tí a parí, nígbà tí ó bá kan òru, ojú ẹ̀rọ á dúdú. A kò fi àwòrán kankan síbẹ̀. Ohun tí à ń gbọ́ ni kòkòrò inú koríko, ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń dé, ọmọ kan tó ń wúkọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rín, ẹ̀rín ọgọ́rùn-ún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn orin tí etí olùgbọ́ kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ mọ́, ijó sì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a gbé iṣẹ́ náà padà lọ sí Kétu, a na aṣọ funfun sáàárín òpó méjì ní gbàgede, a tan ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára aṣọ. Nígbà tí òkùnkùn inú fíìmù dé tí ẹ̀rín sì bú jáde, gbogbo àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n rántí orin náà. Àwọn ọmọdé ń wo ojú wọn. "Kí ni wọ́n kọ? Ìyá, kí ni Èfẹ̀ sọ?" Káàkiri gbàgede ni àwọn ìyá àti bàbá ti ń tẹrí ba sí etí ọmọ wọn, tí wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́ fún wọn. Ohun tí a kò fi sínú iṣẹ́ náà ló mú kí ọ̀rọ̀ ẹnu tún rìn láti ọ̀dọ̀ àgbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ohun tí a fẹ́ kí ọ̀dọ́ mú dání

Èrò yìí ti dé ibi tó jìnnà sí Kétu. Ní ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní ilé àfihàn tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ níbi Biennale ti ìlú Venise, ní Ítálì. Azu Nwagbogu, ọmọ Nàìjíríà, ló ṣètò rẹ̀. Romuald Hazoumè, Chloé Quenum, Moufouli Bello àti Ishola Akpo, tó ń lo fọ́tò, fídíò àti òwú nínú iṣẹ́ rẹ̀, ni wọ́n kó iṣẹ́ wọn lọ. Àkọlé àfihàn náà ń sọ pé gbogbo ohun iyebíye ló rọrùn láti fọ́, inú ọgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n sì ti fa èrò rẹ̀ yọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń dàgbà ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ àti ní Atakpamé, ẹ kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọwọ́ kan le. Ẹ yan èyí tó bá yín lára mu jù, ìbáà ṣe fọ́tò, ìbáà ṣe ohùn, kí ẹ kọ́ ọ dé gbòǹgbò. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa na ọwọ́ sí àwọn yòókù. Ẹ má jẹ́ kí owó dí yín lọ́wọ́: Audacity tí a fi ń tún ohùn ṣe àti Blender tí a fi ń ṣe àwòrán tó ń rìn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín sì tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí ibi mẹ́ta, nítorí dísìkì máa ń kú láìdágbére. Ẹ máa béèrè kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Bí wọ́n bá sì ní rárá, ẹ bi wọ́n ní ìdí, nítorí nínú ìdí náà ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ máa kọ orúkọ agbẹ́gilére, aránṣọ àti onílù sí òpin fíìmù, bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, bí owó bá sì wọlé, kí ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ẹ bá ń kọ Yorùbá sí ojú àwòrán, ìbáà ṣe ɛ àti ɔ ti ilé-ìwé wa ní Bẹ̀nẹ̀, ìbáà ṣe ẹ àti ọ ti Nàìjíríà, ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i. Ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì dà bí ìlù tí awọ rẹ̀ dẹ̀.

Ní ti àwọn òbí tó ń béèrè iṣẹ́ tí à ń ṣe, a ti rí èsì kan tí a lè fún wọn láìtijú. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni gbogbo ọ̀nà ń lọ. Ẹ mú wọn dání lọ sí Kétu lẹ́yìn ìkórè. Ní òru Èfẹ̀, ẹ fi fóònù sí àpò, kí ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀, kí ẹ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìlú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí àwọn àgbà sì gbà, ẹ wá gbé kámẹ́rà jáde.